Ọpọlọ Tí Bọ́ọ̀dù Kò Mọ̀

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kọkànlá

Wọ́n pè mí! Ilé-iṣẹ́ tó ń ya àwòrán ilé tí wọn ò tíì kọ́. Wọ́n ní àwọn rí iṣẹ́ mi, ó wù wọ́n. Inú ilé mi ni màá ti máa ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan ni ìdánwò, yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé ogúnjọ́ oṣù yìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kọ̀ǹpútà tèmi, tó lágbára. Kí n ya fọ́tò ojú ẹ̀ ránṣẹ́ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó tẹ̀lé mi ni wọ́n máa pè.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kọ̀ǹpútà. Irọ́ pọ́ńbélé. Èyí tí mò ń lò, ti sítúdíò ni, sítúdíò sì ti kógbá wọlé láti oṣù kẹjọ.

Ohun tí mo ní ni ọpọlọ. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ṣíìpù tó ń bá a ronú, tuntun, nínú páálí, tí mo jẹ nínú ìbò níbi àsè ìparí ọdún sítúdíò wa. Ẹnì kan jẹ alùpùpù. Ọ̀gbẹ́ni tó ń gbálẹ̀ jẹ fìríìjì. Èmi jẹ páálí tí kò ju ọṣẹ lọ, gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Inú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ìkòkò ìrẹsì ló wà láti ìgbà náà. Mo gbé e jáde, mo nù ún, mo fẹnu kò ó lẹ́nu.

Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ilé tí mò ń gbé ní Taipei bọ́ nìyẹn. Chiayi ló kù. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo sọ ní Ọ̀gágun, kí n lọ máa fọ abọ́ nínú ìsọ̀ ìrẹsì tòlótòló rẹ̀. Kí ojú mi má rí i.

Ìṣẹ́gun, 7

Mo rò pé bọ́ọ̀dù ni bọ́ọ̀dù. Pátákó tí wọ́n ń to gbogbo nǹkan lé — ọpọlọ láàárín, mẹ́mọ̀rì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí. Àṣé ìdílé-ìdílé ni wọ́n.

Mo rí ọ̀kan tó dínwó, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá yóò gba ọpọlọ mi. Kí tíì mi tó tutù, ẹni mọ́kànlá ti dá mi lóhùn. Ẹnì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní Ẹja Gbígbẹ ní, "Àǹtí, ọpọlọ yín lẹ́sẹ̀, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí nínú bọ́ọ̀dù yẹn náà lẹ́sẹ̀. Ṣé òòlù lẹ fẹ́ fi kàn wọ́n mọ́ra ni?" Òmíràn ní kí n kúkú lọ ra tẹlifísọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí.

Mo yí ọpọlọ náà wò. Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ ló kún abẹ́ ẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún, wọ́n tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú. Bọ́ọ̀dù tó bá máa gbà á gbọ́dọ̀ ní ihò fún gbogbo wọn.

Ọjọ́rú, 8

Òjò. Mo ka orúkọ bọ́ọ̀dù títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. Lẹ́tà kan, nọ́ńbà mẹ́ta. Gbogbo wọn ti di ọ̀kan náà lójú mi.

Ẹtì, 10

Ọjà ẹ̀rọ Guanghua. Mo bá ìyá kan pàdé, á tó ọgọ́ta ọdún, awò kan lójú, awò kan lórí. Mo ti sọ ọ́ ní Aláwòméjì. Ó gbé ọpọlọ mi yẹ̀ wò.

"Ọpọlọ rere nìyí. Níbo lo ti rí i?"

Mo ní mo jẹ ẹ́ níbi àsè ìparí ọdún ni, Màmá.

"Ọgá yín mà gbọ́n o. Ó fún ẹ lórí, ó ní kí o lọ wá ara."

Ó kọ orúkọ bọ́ọ̀dù mẹ́ta fún mi sẹ́yìn ìwé kan. Èkíní, tuntun, yóò gba ọpọlọ mi lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá rà á, kò ní ku nǹkan kan tí màá fi ra mẹ́mọ̀rì. Èkejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta, ti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn èèyàn ń ta tọwọ́ wọn ní ìdajì. Ó ní, "Èyí náà á gbà á, ṣùgbọ́n kí o tó rà á, kí o rí i pé o bi wọ́n..." Oníbàárà kan ké sí i, ó yíjú. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo ti ń ṣírò ẹ̀ lọ́kàn bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Mo ra mẹ́mọ̀rì, àpótí, àti ẹ̀rọ tó ń pín iná. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi kò lè ra ju ẹ̀kẹta yẹn lọ.

Àìkú, 12

Mo ti rí i rà! Lẹ́nu géètì ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe é. Ẹni tó ń tà dúró nínú, èmi dúró níta, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà sanwó ọkọ̀ lásán. Ó na àpò kọjá lórí irin, mo na owó kọjá. Ọkùnrin tó dé fìlà bo ojú. Mo bi í, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àná ni mo yọ ọ́ lára tèmi." Ó tẹrí ba, mo tẹrí ba. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ jù lẹ́nu géètì, wọ́n á ní kò lójútì.

Ọjọ́ Ajé, 13

Mo tò ó. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ẹsẹ̀ wọ ihò wọ́ọ́rọ́, gírísì funfun lórí ẹ̀, fáànù lórí gírísì.

Mo tẹ̀ ẹ́. Fáànù yí. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára bọ́ọ̀dù. Ojú tẹlifísọ̀n tí mo fi wáyà so mọ́ ọn dúdú kirikiri.

Mo pa á. Mo tàn án. Dúdú.

Ó ku ọjọ́ méje.

Ìṣẹ́gun, 14

Mo tú u. Mo tún un tò. Mo gbé mẹ́mọ̀rì láti ihò kan sí èkejì. Mo ra ìpápánu àgbàdo tí gbogbo wa máa ń gbé lé ẹ̀rọ lórí kó má ṣorí kunkun. Ti aláwọ̀ ewé, tó ń ní kí ẹ̀rọ máa lọ, ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, mo mú yẹ́lò. Dúdú.

Mo kọ̀wé sí Fìlà, ẹni tó ta bọ́ọ̀dù fún mi. Ó kà á. Kò fèsì. Mo tún kọ — ó ti dí ọ̀nà mọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe.

Ọjọ́rú, 15

Mo gbé gbogbo ẹ̀ lọ bá Aláwòméjì, tòun ti ìpápánu lórí. Ó rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú.

"Ta ló ní kí o gbé yẹ́lò lé e? Yẹ́lò kọ́ ni iná ojú títì tó ń ní kéèyàn múra láti dúró? O ní kó dúró, ó sì dúró!"

Lẹ́yìn ẹ̀rín, ó tẹ̀ ẹ́, ó wo iná pupa náà, ó mi orí. Ó ní bọ́ọ̀dù ò bàjẹ́, ọpọlọ ò bàjẹ́. Wọn ò mọ ara wọn ni. Ìwé orúkọ kan wà nínú bọ́ọ̀dù, orúkọ gbogbo ọpọlọ tó mọ̀ ló wà níbẹ̀. Ọdún tí wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù yìí, wọn ò tíì bí ọpọlọ mi. Ìwé tuntun wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀dù tó lè kà á, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí, kò sì lè jí àfi kí ọpọlọ àtijọ́ kan tó mọ̀ jókòó sínú ẹ̀. Á jí, á ka ìwé, lẹ́yìn náà kí àgbà dìde kí ọmọ jókòó.

"Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó ní. "Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, àfi bí o ṣe sáré jáde bí ẹni tí ìrẹsì ẹ̀ ń jóná."

Ṣé ó ní ọpọlọ àtijọ́? Ó ti tà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó ń bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí ti lọ sí Kaohsiung fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò dé. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀! Iṣẹ́ mi á ti di ti ẹlòmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo wá a káàkiri. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́tàlá. Ẹja Gbígbẹ (ó ti ń ṣàánú mi báyìí) rí ẹnì kan ní Hualien tó máa yá mi, ṣùgbọ́n Ìṣẹ́gun ni yóò tó dé ọwọ́ mi.

Mo mọ ibi tí ọ̀kan wà. Àná ni mo ti mọ̀, mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí ni.

Kọ̀ǹpútà Bàbá. Ó rà á lọ́dún tí Màmá kú, kó lè máa bá àwọn tí kò mọ̀ rí ta ayò. Sítíkà tó wà níwájú ẹ̀ àti èyí tó wà lára páálí mi, ìdílé kan náà ni. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gágun ló wà ní Chiayi, tí kò bá tíì sọ ọ́ nù. Èmi ni mo ní kó sọ ọ́ nù.

Ọ̀gágun tọ́jú Bàbá fún oṣù mẹ́rìnlá. Èmi dé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n sin ín. Ó bi mí kí ni mo fẹ́ mú nínú ẹrù Bàbá. Mo ní kò sí. Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Mo ní kó dúró de ọkọ̀ ìdọ̀tí tó máa ń fi orin kéde ara ẹ̀ ládùúgbò, kó jù ú sí i. Níwájú àwòrán Bàbá ni mo ti sọ ọ́. Ó ní, "Ìwọ tí o ò bu oúnjẹ sí i lẹ́nu rí, ìwọ lo mọ ohun tó jẹ́ ìdọ̀tí." Ó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí màá wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òun.

Ọdún méjì rèé. Káàdì ọdún tuntun nìkan ló ń lọ láàárín wa.

Ẹtì, 17

Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìrọ̀lẹ́ — mo ti pè é. Ariwo abọ́ lẹ́yìn ẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Mo ní èmi ni, Ẹ̀gbọ́n.

"Èmi wo?"

Hsiu-chih.

Abọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà: "Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo bi í bóyá kọ̀ǹpútà Bàbá ṣì wà. Ó ní, "Ó wà. Eruku ló ń gbà. Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo rò ó fún un látòkè délẹ̀, iṣẹ́, bọ́ọ̀dù, Fìlà, gbogbo ẹ̀. Mo dúró kó rán mi létí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsìnkú. Kò rán mi létí. Ó ní, "Orí ẹ̀ nìkan lo fẹ́?" Orí ẹ̀ nìkan. "Ìgbà wo?" Ó pẹ́ tán, Àìkú. Ó gé fóònù láìkí mi.

Àbámẹ́ta, 18

Ọ̀gágun fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo fẹ́ kú.

Ó fa fáànù, fáànù ò tètè gbà, ó fi gbogbo agbára fà á — ọpọlọ bá fáànù wá. Ó ní, "Bí ìgbà téèyàn fa eyín." Gírísì inú ẹ̀ ti gbẹ ni. Ó yẹ kí n ti sọ fún un kó kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà kó gbóná díẹ̀, kó rọra yí i. Mo gbàgbé. Ẹsẹ̀ méje ló tẹ̀. Mo kígbe mọ́ ọn. Ó kígbe mọ́ mi padà: "Ṣé èmi ni mo pe ara mi? Ìrẹsì ni mò ń sè, èmi kì í ṣe dókítà eyín!" Lẹ́yìn náà ó ní òun ń bọ̀ lọ́la, kí n wá pàdé òun ní ibùdókọ̀ rélùwéè ní aago mẹ́wàá.

Àìkú, 19

Kí n kọ ọ́ létòlétò.

Ó dé. Ó ti funfun lórí. Inú páálí ẹyin ló gbé ọpọlọ Bàbá sí, ó fi òwú dì í, orí itan ẹ̀ ló gbé e lé láti Chiayi. Ó tún mú ìpápánu aláwọ̀ ewé wá. Ó rí yẹ́lò lórí tábìlì mi, ó ṣí i, ó jẹ ẹ́ tán kó tó bọ́ kóòtù.

Pẹ́ńsù tí wọ́n ń tẹ̀ nídìí, tí a yọ èédú inú ẹ̀ kúrò — ẹnu ẹ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọpọlọ. Ẹja Gbígbẹ ló kọ́ mi. Ọ̀gágun di fìtílà mú, mo ń na ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mí. Fóònù ẹ̀ ń dún ṣáá: ilé ìwé kan tó ń gbé oúnjẹ fún fẹ́ páálí ogójì, òmíràn fẹ́ kí wọ́n yọ ẹyin kúrò nínú mẹ́ta. Ó ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ìwé. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, Ẹ̀gbọ́n, ayé ti lajú, ẹ ṣì ń fi pẹ́ńsù kọ ọjà. Ó ní, "Pẹ́ńsù kì í béèrè bọ́ọ̀dù."

Ẹ̀kẹfà, èkeje. Wọ́n wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ojú ẹ̀ tàn! Lẹ́tà funfun. Ọ̀gágun pariwo ju mi lọ, ó gbá mi lẹ́yìn, ó dùn mí.

Mo ki fíláàṣì tí ìwé tuntun wà nínú ẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Tí iná bá lọ láàárín ẹ̀, bọ́ọ̀dù kú nìyẹn. Iná ilé yìí sì máa ń já tí èèyàn bá tan ìkòkò ìrẹsì pa pọ̀ mọ́ omi gbígbóná. Ọ̀gágun lọ dúró ti àpótí iná, ó káwọ́ lé àyà, ó ní ẹni tó bá tan nǹkan kan nínú ilé yìí, òun á gé e lọ́wọ́. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀.

Ó kà á tán. Mo yọ ọpọlọ Bàbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ kan kán. Ọ̀kan nínú méje tí mo nà. Ó ń dán nínú ihò. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́.

Mo wo ojú Ọ̀gágun. Ó wo ẹsẹ̀ náà pẹ́. Ó ní, "Ó ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Jẹ́ kó sinmi."

Mo gbé tèmi síbẹ̀. Ó tàn. Bọ́ọ̀dù ti mọ orúkọ ẹ̀.

Ó fọ abọ́ mi, ó ní ilé mi ń rùn, ó wọ rélùwéè aago márùn-ún. A ò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ ìsìnkú. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kún ẹnu mi, "Ẹ rọra lọ" ni mo sọ.

Ọjọ́ Ajé, 20

Fọ́tò lọ ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. "Ẹ káàbọ̀," wọ́n ní. Mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, 22

A-Kuang pè mí, ọkọ Ọ̀gágun. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀.

"Àbúrò, má bínú. Orí kọ̀ǹpútà yẹn, ṣé o ti lò ó tán? Ṣé a lè rí i gbà padà?"

Mo ní ṣebí eruku ló ń gbà.

Ó ní inú kọ̀ǹpútà yẹn ni gbogbo iṣẹ́ àwọn wà, láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú. Ilé ìwé mẹ́rin. Ọmọ tí kì í jẹ ẹyin, ọmọ tí ẹ̀pà lè pa. Orí ni Ọ̀gágun fi ń rántí ẹ̀ báyìí, ó ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Lánàá, páálí oúnjẹ ẹlẹ́pà ku díẹ̀ kó dé ọwọ́ ọmọ tí kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́; olùkọ́ ló rí i. Láti ìgbà náà kò jẹun, kò sùn.

"Má sọ fún un pé mo pè ẹ́. Ó ní ká ní o mọ̀, o kì bá tí gbà á."

Mo fi pẹ́ńsù ṣe yẹ̀yẹ́. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi tó ń tàn, ìtìjú bò mí, mo fi ọwọ́ bo ojú.

Ọjọ́bọ̀, 23

Lẹ́yìn iṣẹ́, Guanghua. Tẹ́lẹ̀ mo ní ọpọlọ, mò ń wá bọ́ọ̀dù. Báyìí bọ́ọ̀dù Bàbá ń dúró, mò ń wá ọpọlọ, àgbà bí èyí tí mo kán lẹ́sẹ̀, nítorí kò mọ ọmọ tuntun kankan. Aláwòméjì kọ orúkọ mẹ́ta. Ẹni mẹ́rin ló ké sí i. Mi ò kúrò níbẹ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀ délẹ̀.

Àbámẹ́ta, 25

Mò ń kọ èyí nínú ìsọ̀ Ọ̀gágun, lórí tábìlì tó ń lẹ̀ mọ́wọ́.

Wọ́n ní iṣẹ́ ti di tèmi. Àná ni wọ́n sọ ọ́.

Lówùúrọ̀ yìí, ẹnu géètì. Ọmọbìnrin kan na ọpọlọ àtijọ́ sí mi lórí irin. Mo ní, inú bọ́ọ̀dù wo lo ti dán an wò? Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, Àǹtí." Mo ní mo gbọ́, inú bọ́ọ̀dù wo? Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń pòṣé. Mo fi káàdì mi kan géètì, mo wọlé tọ̀ ọ́, mo tẹ̀ lé e dé ilé ẹ̀ ní ibùdó mẹ́ta sí i, ó tàn án níṣojú mi. Lẹ́yìn náà, páálí ẹyin, rélùwéè, Chiayi.

Ọ̀gágun rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ṣíbí sókè. "Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ṣí páálí ẹyin hàn án. Ó yíjú wo A-Kuang. A-Kuang ti wọ ẹ̀yìn ìkòkò lọ. Mo ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ti ọpọlọ, àti ti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ní oníbàárà ń dúró, kí n kọjá sẹ́yìn, mo mọ ibi tó wà.

Mi ò mọ ibi tó wà. Mo wá a kí n tó rí i: lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Bàbá, lórí tábìlì tó fi ń ta ayò. Ìpápánu aláwọ̀ ewé lórí ẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn ìpápánu náà wò: ti ọdún yìí ni, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kò tíì pé. Èyí tó wà níbẹ̀ nígbà ayé Bàbá á ti kọjá ọjọ́ ẹ̀ tipẹ́.

Mo fi ìka ra orí ẹ̀rọ náà láti etí kan dé èkejì. Kò sí eruku.